Ohùn Tó Já Wọ Inú Fíìmù

Ẹni tó bá pe ìranù yìí ní fíìmù ẹ̀mí àìmọ́, kó yáa lọ ṣàyẹ̀wò ojú rẹ̀.

Páálí ni ìwo orí ẹ̀mí àìmọ́ náà. Ọ̀kan ti tẹ̀ sọ́tùn-ún bí etí ajá.

Pásítọ̀ tó fẹ́ lé e jáde wọ aṣọ tábìlì, àbàwọ́n ọbẹ̀ sì wà léjìká rẹ̀.

Àwa tí olùdarí pè wá wò ó nínú pálọ̀ rẹ̀ ń fi ẹ̀rín pa ara wa.

"Ẹ̀mí àìmọ́ wo nìyí? Ewúrẹ́ ìyàwó mi bani lẹ́rù jù ú lọ!" ni kápẹ́ńtà tó jókòó tì mí wí.

Ó wá kan ibi tí ẹ̀mí náà gbé àbúrò mi obìnrin ṣánlẹ̀.

Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ yí funfun, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

Pálọ̀ pa lọ́lọ́.

Àfi bí ohùn obìnrin kan ṣe já wọ inú fíìmù láti ẹ̀yìn: "Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́! Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́!"

Ẹ̀rín tún bú. "Ta tún nìyẹn? Wọn ò lè gé ohùn aláriwo yìí kúrò ni?"

Bó ṣe parí, olùdarí sáré wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín kó wá ṣe apá kejì. Ibi tó ti ṣubú nìkan làwọn èèyàn ò ti fi wá ṣẹ̀sín."

Mo wò ó tokè-tilẹ̀.

"Kò ní wá. Èmi tí mò ń kun àtíkè sójú yín lọ́jọ́ tí ẹ ń ya fíìmù náà ni mo ni ohùn aláriwo yẹn.

"Àbúrò mi ò ṣeré rárá. Wárápá ló gbé e ṣánlẹ̀.

"Ìwọ lo sì ń pariwo pé, 'Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn!'"