Àwọn Ojú Tó Kù Lára Ògiri

Àbúrò ọkọ mi ya ògiri mi. Kò tọrọ, kò bi mí. Mo ti oko dé, mo bá ògiri yàrá mi níhòòhò.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́, torí ẹ̀yin náà ń wá ọ̀rọ̀ òyìnbó ńlá-ńlá kiri. Lágboolé wa l'Ókè-Ẹlẹ́gùn, ìwé ìròyìn àtijọ́ la máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kí erùpẹ̀ má baà máa já sórí ẹní. Ọkọ mi ló ń kó tèmi bọ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ fún mi.

Mi ò lọ sílé ìwé. Ara ògiri yẹn ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí mo bá rí ọ̀rọ̀ tó le, màá fi èédú fàlà sí i nídìí, màá ka ìròyìn náà láti òkè délẹ̀, lónìí, lọ́la, títí ìtàn inú rẹ̀ yóò fi sọ fún mi ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbẹ̀. Ohun kan ni mi ò jẹ́ ṣe. Ojú ìwé tí wọ́n bá tẹ àwòrán òkú sí, mo máa ń dojú rẹ̀ kọ ògiri ni. Mi ò fẹ́ kí òkú tí mi ò mọ̀ máa wò mí sùn.

Àbúrò ọkọ mi yìí, Akọ̀wé ni mò ń pè é. Mo bá a nílé ọkọ ni, ìyàwó kì í sì í pe irú wọn lórúkọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn ariwo ọ̀rọ̀, kò sì ní sùúrù rárá. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹ ṣì wà lórí ìròyìn òjò tó ti dá láti èṣí? Tí ẹ bá parí ògiri, ó ku àjà o!"

"Akọ̀wé, ẹ jẹ́ n kà á jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò sá lọ."

Ìgbà tí ọkọ mi fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọ̀gá wọn ní kí ẹnìkan nínú ẹbí wá ka ọ̀rọ̀ ìyìn rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé ní òun ni. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa kún ẹnu, kò rí. Ló bá wọ yàrá mi tòun tọ̀bẹ, ló họ ògiri mi kanlẹ̀.

Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Ẹ fara balẹ̀, ìyàwó wa. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́yìn dùn ju tiwájú lọ! Ẹ kàn ń ka ẹ̀gbẹ́ tí kò dáa ni."

"Ìkéde òkú nìyẹn."

"Ṣebí wọ́n yin òkú náà? Ìyìn yẹn ni mo mú. Mo fi òkú sílẹ̀ fún yín."

Mo yíjú sí ògiri. Ìwé ti kúrò, àmọ́ tàdáwà ti bá ẹ̀kọ wọ ara erùpẹ̀. Ojú àwọn òkú náà wà níbẹ̀. Fìlà wọn ti gẹ̀ sí òdìkejì, ẹ̀rín wọn sì ti yà síbi tí kò yẹ. Mo fi kànrìnkàn fọ̀ wọ́n. Ṣe ni wọ́n túbọ̀ ń hàn.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n ṣe ìdágbére náà, ní àgbàlá ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Akọ̀wé dìde, ó gbé àyà síwájú, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ọkọ mi máa sinmi. Ó ní àwọn tó kù yóò máa rántí rẹ̀. Ó ní ó dìgbóṣe. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì náà rinlẹ̀. Ẹ̀rọ ayùn tí wọ́n ti pa láti àárọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ọkọ mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, mo rí i tó rọra ṣí fìlà, tó gbé e lé itan, tó sì mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó tó àkókò.

Láti ọjọ́ náà, tí a bá pè é, kì í dáhùn. Ó ń jẹun, ara rẹ̀ le. Àmọ́ iwájú ògiri yẹn ló ń jókòó sí, á máa mi orí sí àwọn ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kí ojúlùmọ̀. Lánàá, mo rí àyè kan tó ṣófo láàárín wọn, ó tó orí èèyàn. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé ti sá lọ sí Ìbàdàn. Kì í gbé fóònù mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ka ìwé ìròyìn, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ ńlá, ó dára. Àmọ́ ẹ mú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtàn tó bí i. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sí, kí ẹ tó gbé e lé ẹlòmíì lórí. Akọ̀wé ò ní sùúrù láti kà á tán, ilé mi ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ìwọ Akọ̀wé náà, níbi tó o sá sí, mo ti pa àṣà pé ìyàwó kì í pe yín lórúkọ yẹn tì. Adéwọyin! Orúkọ rẹ ni mo pè. Ìwọ lo dágbére fún un, ìwọ náà ni kó o wá kí i káàbọ̀. Èdè tó bá wù ọ́ ni kó o fi kí i. Ọkọ mi ò dá mi lóhùn mọ́. Ìwọ, Adéwọyin, dá mi lóhùn!