Ta Ló Pè Ọ́?

Àtìrọ̀lẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà kan ti ń kú mọ́ Ìbídùn lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì tó dá wà. Ó ní kí ẹ̀rọ tọ ipa rẹ̀ sẹ́yìn: apá wo ló pe èyí tó kú síṣẹ́, apá wo ló pe ìyẹn; nítorí apá tí a bá pè, ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é ló ń padà sí. Níbi tí ìpè pàjáwìrì kan ti já lu iṣẹ́ ètò náà, orúkọ Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pè.

Ó fi fóònù ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn ní Ìbàdàn.

"Ìwọ ńkọ́, ta ló pè ọ́?" ni ọ̀gá bi í.

"Kò sí orúkọ ẹni tó pè mí níbẹ̀, sà."

Ohùn ọ̀gá yìí kan náà dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ìbídùn."

"Sà?"

"Èmi kọ́ ló pè ọ́ o," ni fóònù wí.

Ìbídùn fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ìlà tuntun yọ lójú ẹ̀rọ: "Ó ti dáhùn. Kò níbi tó máa padà sí."