Ẹ Gé Méjèèjì

"Jẹjẹrẹ ọmú ni," dókítà sọ fún wa ní Ìsọlọ̀. "A dúpẹ́ pé a tètè rí i. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín. Ṣé ká gé ọ̀kan ni, àbí méjèèjì?"

"Ẹ gé méjèèjì! Kí lẹ tún ń bi wá?"

Ajíbọ́lá, ọkọ mi, ń làágùn lábẹ́ fáànù. "Morọ́lá, jọ̀ọ́, rọra ná."

Mo rántí ohun tó sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nídìí bíà ní Ṣógúnlé: "Obìnrin tí ò lọ́mú, ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́.

Dókítà gbé ìwé iṣẹ́ abẹ sílẹ̀, ó na bírò sí wa. Mo gbà á, mo fi lé Ajíbọ́lá lọ́wọ́.

Ọmú tiẹ̀ ni.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gé tèmi.

"Fọwọ́ síwèé," ni mo wí, "ọkùnrin ẹgbẹ́ mi."