Bọ́tìnnì Inú

Ẹnjiníà tún tẹ bọ́tìnnì inú, ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọn ní yàrá ìdánwò kò mira. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí i.

"Ẹ̀dà ètò wo lo kó sínú ilẹ̀kùn yìí?" ló kígbe.

"Ti oníbàárà ni, ẹ̀gbọ́n," àbúrò ibiṣẹ́ rẹ̀ dáhùn láti ìta. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n kó o sí i."

Ẹnjiníà wá rántí. Nígbà tí bọ́tìnnì inú ṣì ń ṣe ségesège, ó fi #ifdef IDANWO, ìlà tó ń ní kí kọ̀ǹpútà fo ohun tó bá tẹ̀ lé e bí IDANWO kò bá tàn, ká àṣẹ rẹ̀ mọ́, kó lè máa wọ ẹ̀dà ìdánwò nìkan. Ó ní bó bá gún régé, òun á tú u sílẹ̀. Ó gún régé. Òun ló gbàgbé.

"Tan IDANWO, kó o tún ètò náà kó sí i kíá!"

"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé o!" Àbúrò ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti ń kó o sí i. Àwọn tó jáde láàárọ̀ ńkọ́?"

Fóònù dún. Ìyá ẹnjiníà ni.

"Ọmọ mi, wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn rẹ dé, ó mà dára o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í mọ́ra mi ni. Ibo ni wọ́n ń tẹ̀ láti jáde? Tètè sọ, ìkòkò mi wà lórí iná."