Lábẹ́ Èèkù Idà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá tọrọ ọmọbìnrin tí Kuronuma Fusae bí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn ará ìlú Takayama ń sọ, tí wọ́n bá tiwọn lọ. Ìdílé olè ni wọ́n ń pe ìdílé Kuronuma. Àwọn ará ilé Sakaki ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní tiwọn ni idà àtijọ́ tó wà nílé Fusae, pé ńṣe ni wọ́n jí i gbé láyé àtijọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú Fusae, ó ránṣẹ́ sí bàbá àgbàlagbà kan, Iwakiri, ẹni tó mọ àkọlé ara idà kà. Ó ránṣẹ́ sí Sakaki Tokuji náà, ó sì pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí.

“Tokuji, ìdílé tá a bá bá orúkọ wọn lábẹ́ èèkù ló ni idà. Ṣé o gbà?”

“Mo gbà. Tó bá jẹ́ tiwa, wàá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, wàá jẹ́wọ́ olè.”

“Tó bá wá jẹ́ tiwa ńkọ́?”

“Èmi ni màá kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n yéé lálàá ọ̀sán, obìnrin yìí. Ta ni yóò kọ orúkọ yín sára irin gidi?”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ọwọ́ tèmi ti tẹ̀ ẹ́. Bàbá, ẹ yọ èèkù yẹn ká ríran.”

Iwakiri ti ìṣó oparun tó di èèkù mú jáde, ó fa èèkù kúrò. Irin abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, ó dúdú. Fusae na àkísà sí i kó lè nù ún, bàbá náà gbá a lọ́wọ́.

“Má dán an wò! Dídógùn-ún yìí la fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá ha á ti ba idà jẹ́ nìyẹn.”

Ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé irin náà, ó ń fi tàdáwà gbígbẹ pa á láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀. Bébà ń dúdú, lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára irin ń yọ funfun. Kuronuma ló kọ́kọ́ yọ. Yahei ló tẹ̀ lé e.

Fusae pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. “Yahei! Baba ńlá wa ni! Tokuji, ṣé o rí i? Ta lolè báyìí?”

Òógùn bo Tokuji. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní. “Ẹ má bínú,” ló sọ láàárín eyín. Obìnrin kan tó ti ní òun ò lè fẹ́mọ olè fún ọmọ òun ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Fusae.

Iwakiri fi ìka wá àwọn lẹ́tà tó kù nísàlẹ̀ bébà náà, ó gbé tàdáwà sílẹ̀.

“Ó tó báyìí, Fusae. Jẹ́ ká dá a padà sínú àkọ̀.”

“Lẹ́tà ò tíì tán, Bàbá. Mo rí i.”

“Mo ní ó tó.”

“Ó tì o! Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ń bú wa. Ẹ pa á dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì kà á sókè kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Gbórí ẹ sókè, Tokuji, kó o gbọ́ dáadáa!”

Bàbá náà mú tàdáwà, ó pa á dé ìsàlẹ̀, ó sì kà á sókè bí Fusae ṣe fẹ́: “Kuronuma Yahei, olè: òkú rẹ̀ ni a fi dán idà yìí wò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gé e sí méjì.”