Kógbogbo-ẹ̀ àti Téèpù Oṣù Tó Kọjá

Èmi kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà o. Bí ẹ bá ní kí n tan án, gílóòbù yàrá ni n ó kọ́kọ́ tàn. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni mo mọ̀. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò ní sùúrù láti ṣa ohun kan láàárín ọ̀pọ̀. Rán an ní ìṣó kan, gbogbo páálí ni yóò gbé wá. Ní kó bá ọ mú kọ́kọ́rọ́ kan, ìdì kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ ni yóò jù sórí tábìlì rẹ, yóò ní, "Ó wà níbẹ̀." Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Kógbogbo-ẹ̀. Ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà á wá ní ọjọ́ Jímọ̀, á jókòó síwájú máìkì, á sọ ìtàn ayé rẹ̀. Bó bá padà wá ní Jímọ̀ mìíràn, wọ́n á fi tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ nínú fáìlì rẹ̀ kan náà. Bí oṣù bá parí, Kógbogbo-ẹ̀ á da gbogbo fáìlì kọ sórí téèpù ìpamọ́, á tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin. Bí ọ̀kan bá sọnù, inú téèpù ni wọ́n ti ń mú un padà.

Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Téèpù, ti kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sára páálí, ó kàn án mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà. Kọ́kọ́ pàṣẹ kí téèpù to orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣa orúkọ èyí tí ò ń wá. Ṣí fódà tó ṣófo, kí o pàṣẹ pé orúkọ yẹn nìkan ni kó jáde síbẹ̀. Gbọ́ ọ wò kí o tó gbé e sáàyè rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn, bírò pupa ló fi kọ ọ́: téèpù kò mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ. Ìṣó tó fi kan páálí yìí ni Kógbogbo-ẹ̀ máa ń fi fìlà rẹ̀ kọ́.

Lóṣù tí mò ń wí yìí, ìyá Kógbogbo-ẹ̀ kú. Màmá yìí kì í pa Jímọ̀ kankan jẹ. Ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn, bó ṣe jáde nínú yàrá ohùn, ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká, ó ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún un, kó gbọ́ ọ tí àyè bá yọ. Ọmọ ní òun ti gbọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Ọjọ́ kẹrin, màmá sùn, kò jí.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣí fáìlì náà. Á gbé íàpíìsì sétí, á tún gbé e kalẹ̀. Ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ọkàn òun bá gbà á, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ jẹ kẹ́yìn. Ìgbà mìíràn á kàn fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà níbi tí orúkọ ìyá rẹ̀ wà, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara rẹ̀ ṣì ń gbóná.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni bàbá káfíńtà kan dé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, ó sì máa ń wá gbọ́ ohùn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n wá fáìlì tì. Ẹnìkan ti ṣèèṣì pa á rẹ́. Bàbá kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ibi tí ìyàwó òun ti ń bú òun pé àga tí òun kàn fún un ń mì ni òun fẹ́ gbọ́.

Màmá Téèpù ní kí Kógbogbo-ẹ̀ mú un jáde nínú téèpù oṣù tó kọjá. "Ẹyọ kan ṣoṣo o. Ṣé o gbọ́?"

Ó gbọ́. Ó pàṣẹ, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé. Ó wò ó títí, ó yán. Ó ní ta ló fẹ́ máa ṣa òkúta nínú ìrẹsì ní ọjọ́ orí òun. Ó wá pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ jáde, kí kálukú bọ́ sáàyè rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún ẹni tó fi fìlà bo páálí?

Téèpù yí, ó kùn, ó dákẹ́. Ohùn ìyàwó káfíńtà padà dé. Bàbá gbọ́ èébú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń mì lóòótọ́," ló wí. "Mi ò tún un ṣe títí ó fi lọ." Ó dúpẹ́, ó lọ. Kógbogbo-ẹ̀ ń yan kiri bí ẹni tó jí òkú dìde.

Màmá Téèpù ló wo ojú kọ̀ǹpútà. "Fáìlì mélòó lo mú jáde?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, mà. Ó yá ju ṣíṣà lọ."

Màmá Téèpù wá àga jókòó. "Ti oṣù tó kọjá ti bo tòní mọ́lẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ wọn ti lọ. Oṣù ò tíì parí, kò tíì sí téèpù ẹ̀." Ó yíjú sí Kógbogbo-ẹ̀. "Màmá ẹ wá lóṣù yìí."

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá.

Ìgbà yẹn ni Kógbogbo-ẹ̀ tó gbé íàpíìsì sétí, tí kò gbé e kalẹ̀. Ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń wúkọ́, bó ṣe ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Lópin ọ̀rọ̀ oṣù tó kọjá yẹn, màmá ní, "Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ fún ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí lónìí. Tí mo bá padà wá, n ó sọ ọ́." Àga dún, ilẹ̀kùn dún, ó tán.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà, kó máa bẹ àwọn àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ wọn sọnù pé kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un sọ. Wọ́n ń tún un sọ fún un, tàánútàánú, èyí tó tún wá burú ju èébú lọ. Ní ọ̀sán, tí àwọn yòókù bá lọ jẹun, á gbọ́ fáìlì ìyá rẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀kùn ti dún, á tún un gbọ́. Ẹni tí kò lè ṣa ẹyọ kan rí, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣà lójoojúmọ́ báyìí.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ẹni tó bá fẹ́ mú àná padà, ìwọ̀nba èyí tó sọnù ni kó mú, kó má fi àná bo òní mọ́lẹ̀. Ẹni tí a bá sì sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún, kó tètè gbọ́ ọ, torí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, ohun tí mo rí mú níbẹ̀ nìyẹn. Ẹyọ kan ló kù tí mi ò rí ẹni bi: kí ni màmá yẹn sọ?