Orúkọ Ọkọ Mi Kékeré

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Kareemah níyàwó wá sí Ìwó, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń wù ú. Ó fẹ́ kí wọ́n gba òun sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún kánẹ̀lì ṣe, ìyẹn gbùngbùn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọlábánjí, ọ̀gá kan níbẹ̀ tó ń gbé ní Jámánì, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún un.

"Àyè kan ló kù," ó ní lórí fóònù. "Ẹ wá àṣìṣe kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, kí ẹ tún un ṣe. Bí wọ́n bá gba àtúnṣe náà wọlé, màá gbé orúkọ yín fún àwọn ọ̀gá mi."

Kareemah wá àṣìṣe títí ojú fi ń ta á, kò rí. Sàlàkọ́ ló rí i.

Sàlàkọ́ ni Ràhámọ̀tù, ìyá ọkọ Kareemah, ń kẹ́ jù nínú ilé. Àpò ìbí bò ó lórí nígbà tí wọ́n bí i, ìyẹn ni ìyá ṣe sọ ọ́ ní Sàlàkọ́. Ó ti wà nínú ilé kí Kareemah tó dé, nítorí náà ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ mọ́ ọn lórí. "Ọkọ mi kékeré" ló ń pè é. Kì í kúkú ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ kò níṣẹ́ méjì ju kó jẹun, kó sùn, kó sì máa rìn kiri àdúgbò. Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ kò kàn án. Bó bá fẹ́ wọ yàrá Kareemah, kì í kágò. Orí ló fi ń ti ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kareemah ń lo ètò kan nínú kánẹ̀lì tó ń tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Wáyà kan so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Sàlàkọ́ wọlé, ó fa wáyà yọ. Kọ̀ǹpútà kú fin-ín fin-ín. Inú bí Kareemah, ó lé e jáde.

Lọ́jọ́ kejì Sàlàkọ́ tún wá fa wáyà, kọ̀ǹpútà tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí Kareemah kò lé e. Gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ ló máa ń pa ètò náà kó tó yọ wáyà. Kò sẹ́ni tó fà á yọ nígbà tí ètò náà ṣì ń ṣiṣẹ́ rí.

Ó tú ètò náà wò, ó rí ibi tí nǹkan ti wọ́. Atọ́ka kan wà nínú rẹ̀ tó ń júwe ilé tí ẹ̀rọ kékeré náà ń gbé. Bí wáyà bá ti yọ, atọ́ka náà á di òfo, kò ní júwe ibì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ètò yìí náà kì í kágò. Á kàn já wọ ilé tí kò sí, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì bá a lọ. Kareemah fi ìlà díẹ̀ kún un: kọ́kọ́ wò ó bóyá onílé wà, bí kò bá sí, padà lẹ́yìn. Ó wá fa wáyà yọ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níta.

Ràhámọ̀tù yọjú. "Kí ló dé?"

"Màmá, mo ti tún un ṣe. Ọkọ mi kékeré ló bá mi rí àṣìṣe náà."

"Ọmọ mi?" Ojú ìyá tàn. "Ṣé orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀?"

Kareemah kò lè jiyàn. Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé orúkọ ẹni tó rí àṣìṣe gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àtúnṣe. Ó kọ tirẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọkọ Mi Kékeré ló rí i, ó sì fi ránṣẹ́.

Ọlábánjí pè é. Ọmọ ìlú Olúpọ̀nnà nítòsí Ìwó ni, ó mọ àṣà.

"Iṣẹ́ yín dára, Kareemah. Ṣùgbọ́n orúkọ gidi là ń kọ. Èmi mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni kò mọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ ọ́ kúrò."

"Rárá o. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó gba oríyìn rẹ̀."

Kareemah lọ kúnlẹ̀ níwájú Ràhámọ̀tù, ó tọrọ àyè láti pe orúkọ náà.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni ìyá wí. "Mo yọ̀ǹda. Kọ ọ́ kó hàn dáadáa."

Ó kọ ọ́, àtúnṣe náà sì wọlé. Ọlábánjí tún pè.

"Sàlàkọ́ yìí mà lójú o. Ibo ló ti kọ́ṣẹ́?"

"Kò kọ́ṣẹ́ kankan, ọ̀gá."

"Ṣé ó fẹ́ràn ìwé?"

"Kò sí ìwé tó rí tó fi sílẹ̀," Kareemah dáhùn. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo tún un ṣe o."

"Mo mọ̀. Ẹni tó lè tún un ṣe pọ̀. Ẹni tó lè rí i ló ṣọ̀wọ́n."

Ìwé ilé iṣẹ́ náà dé. Wọ́n ní Sàlàkọ́ làwọn fẹ́. Bí àwọn kò bá rí èsì rẹ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀, Kareemah ni kó gba àyè náà. Ọ̀rọ̀ náà dun Kareemah wọra, ó sunkún. Ràhámọ̀tù ní tirẹ̀ ní kí wọ́n lọ tẹ ìwé náà jáde fún òun, ó wọ ìró tuntun, ó ń fi ìwé náà han gbogbo ará àdúgbò.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, ó mú un lọ bá Sàlàkọ́ lábẹ́ igi máńgòrò láti kà á sí i létí, ṣùgbọ́n kó tó ka ìlà kìíní tán, Sàlàkọ́ òbúkọ ti na ọrùn, ó já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán pátá, bẹ́ẹ̀ ni Kareemah ṣe ríṣẹ́.